Ẹ̀yìn Òfì Ni A Máa Ń Sá Sí

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé yìí. Ẹ ní arúgbó tí kò ríran mọ́, tí kò lè dá ẹnu ọ̀nà mọ̀ yàtọ̀ sí ògiri àfi tó bá fọwọ́ kàn án, ló ta òwú sórí òfì láti ọdún tó kọjá, tí kò hun ún, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ẹ ní òwú náà ti ń gba eruku. Ó ń gba eruku lóòótọ́. Láràárọ̀ tí ẹ bá ti lọ sóko ni mo máa ń fọwọ́ gbọ̀n ọ́n.

Ìyá Àyọ̀ká kò sí láàárín yín. Mo ránṣẹ́ pè é, ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Kò burú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ti gbogbo wa ni, tèmi ló sì burú jù níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agboolé wa wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Rore. Tí èèyàn bá jí kúrò nílé, oòrùn kò ní tíì gbóná tí yóò fi dé ọjà Òmù-Àrán. Ilé ńlá ni, ojúlé pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọmọdé lè sọnù nínú ilé baba rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń rántí nípa ilé náà ni ariwo rẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ó gbọ́ odó, ẹ ó gbọ́ àwọn tó ń gbá ilẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ apasà. Apasà ni igi pẹlẹbẹ tí obìnrin fi ń gbá òwú mọ́ra kí aṣọ rẹ̀ lè le. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní òfì tirẹ̀, nítorí náà tí àwọn obìnrin bá ti jókòó tì í, ilé yóò máa dún gbà, gbà, gbà títí oúnjẹ ọ̀sán. Tí ọ̀kan bá dákẹ́, àwọn yòókù á pariwo pé, "Ìyá lágbájá, ṣé kò sí?" Lónìí tí mo bá tẹ́tí nínú ilé yìí, adìyẹ nìkan ni mò ń gbọ́, àti ẹkún ọmọdé.

Òfì Ìyá Olófì ló tóbi jù. Ìyá baba mi ni, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfì náà ṣe rí, torí àwọn kan nínú yín kò rí irú rẹ̀ rí àfi èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí. Òpó méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ògiri. Igi kan dábùú lókè, igi kan dábùú nísàlẹ̀. Òwú á ta láti òkè dé ilẹ̀, yóò sún mọ́ra títí tí kò fi ní sí àyè tí ọwọ́ lè gbà kọjá. Láàárín òwú yẹn àti ògiri, àyè díẹ̀ wà níbẹ̀, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Àgbàlagbà kò lè wọ ibẹ̀. Ọmọdé á fẹ̀gbẹ́ wọlé, á dúró, á sì máa yọjú wo ayé láti inú òwú.

Ibẹ̀ la máa ń sá sí tí wọ́n bá fẹ́ nà wá.

Kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. A bá a bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó bá ti wọ ẹ̀yìn òfì, kò sí bí wọ́n ṣe lè mú un àfi kí wọ́n fa òwú náà já, èèwọ̀ sì ni. Ẹni tó bá já òwú lórí òfì obìnrin, kò sí ẹni tó máa fún un níná mọ́ nínú agboolé, kò sí ẹni tó máa bá a ru ẹrù lójú ọ̀nà oko. Nítorí náà, bí inú ṣe wù kó bí ẹni tó ń lé ọmọ tó, tó bá ti dé iwájú òfì, ó di dandan kó dúró.

Ìyá Olófì kì í dìde. Kì í pariwo. Kì í tilẹ̀ gbójú sókè lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹni náà ni pé, "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ẹni náà á ní ẹgba ni, tàbí igi ìdáná, tàbí orógùn.

"Gbé e sílẹ̀."

Á gbé e sílẹ̀.

"Jókòó. Mú ìrànwú yẹn. Ran òwú fún mi."

Yóò sì jókòó, bóyá ó fẹ́ bóyá ó kọ̀, yóò fi eérú pa ìka, yóò máa yí igi ìrànwú, yóò máa fa òwú. Títí ìrànwú yóò fi kún. Ẹ mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó? Ẹ kò lè mọ̀. Oòrùn tó wà lórí òrùlé nígbà tó jókòó á ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni Ìyá Olófì á tó gbójú sókè, á ní, "Ó dáa. Kí ni ọmọ náà ṣe?" Mo ti rí obìnrin tó ní láti ronú kó tó rántí. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo òkè, ó wá ní, "Ó... ó da omi nù." Ìyá Olófì á ní, "Omi ti gbẹ báyìí."

Bàbá mi pàápàá jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin ńlá, ẹni tí ń pa ẹfọ̀n. Ó lé mi dé iwájú òfì pẹ̀lú ọ̀já tó fi ń di ọ̀kọ̀, torí mo jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ èlùbọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ìrànwú lé e lọ́wọ́. Òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń so ó, ó tún ń já. Gbogbo àwọn tó ń kọjá ló ń kí i pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa hun kíjìpá fún wa láìpẹ́." Èmi náà wà lẹ́yìn òfì, mo ki aṣọ bọ ẹnu kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, á kàn pariwo mọ́ mi, á bá ọ̀nà oko rẹ̀ lọ.

Òwú tí àwọn onínúfùfù ń ran, kì í dọ́gba. Á ki níbì kan, á tín-ín-rín níbì kan. Ìyá Olófì kì í sọ ọ́ nù. Ó máa ń hun ún mọ́ kíjìpá tí a fi ń bo àwọn ọmọ ní ìgbà ọyẹ́. Tí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń fi ìka wá àwọn ibi tó ki yẹn, mo máa ń sọ fún ara mi pé, èyí ti bàbá, èyí ti ìyá.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ayé ìgbà náà dùn. Wọ́n nà wá. Wọ́n fi ata sójú ọmọ nínú ilé tó kángun sí tiwa, igbe rẹ̀ ṣì wà létí mi. Ọmọ tó bá wà lóko, ọmọ tó bá wà lódò, òfì kò lè gbà á. Ẹ̀yìn òfì kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wà. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà odò.

Mo ṣi ibẹ̀ lò lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ ẹja nínú ọbẹ̀ ìyá mi, mo lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn òfì kí ẹnikẹ́ni tó wá mi. Ìyá Olófì ní, "Ta ló ń lé ọ?" Mo ní kò tíì sí. Ó ní, "Jáde wá. Ibẹ̀ yẹn, ti ẹni tí wọ́n ń lé ni." Ó gbé ìrànwú lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe kọ́ òwú ríran nìyẹn, pẹ̀lú òórùn ẹja lọ́wọ́.

Ogun sì ń bẹ. Èwo ni kí n sọ nínú rẹ̀? Ó ti wà kí wọ́n tó bí mi, ó sì wà títí irun mi fi funfun. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kó ẹrú máa ń wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti jó, tí odò ti fà. Wọn kì í fẹ́ àgbàlagbà. Ọmọdé ni wọ́n ń fẹ́, ọmọdé kì í wúwo lórí ẹṣin.

Aya àbúrò bàbá mi wà tí à ń pè ní Ìyá Àkànní. Obìnrin dúdú, arẹwà, tó mọ orin. Ó ń ká òwú lóko pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Àkànní àti Àbẹ̀ní, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin yọ. Ó sá wọ igbó, ó rò pé àwọn ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Nígbà tó yíjú, kò rí ẹnì kan. Apẹ̀rẹ̀ òwú ló gbé wálé. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú òfì, kò sì kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Àrán-Ọ̀rin, ó bá ọmọbìnrin kan lójú ọ̀nà, tó jókòó ti ìgò epo tó ti fọ́. Wọ́n ti jó abúlé wọn. Ó ní Àṣàbí ni wọ́n ń pe òun. A béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní Bàbá. A béèrè orúkọ ìlú rẹ̀, ó ní Ilé. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n fi inú rere gbìmọ̀, wọ́n ní kí wọ́n fún Ìyá Àkànní kó lè fi rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún. Ọmọ náà kò ju Àbẹ̀ní lọ, kò sì kéré sí i. Gbogbo wa la ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ìyá náà bóyá ó fẹ́.

Kò pẹ́ tí Ìyá Àkànní fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Àṣàbí kò mọ̀ nípa òfì. Èmi ni mo fi hàn án. Ọjọ́ kan tí mo rí i tó ń sá kiri àgbàlá bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa, mo fà á lọ́wọ́, mo tì í wọ ẹ̀yìn òfì, mo ní, "Dúró síbẹ̀. Kò lè mú ọ." Ó di ojú rẹ̀ pinpin. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ojú dídì, títí ìrànwú fi kún. Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Tó bá ti wọlé síbẹ̀, á di ojú, nítorí ó mọ̀ pé òun ti dé.

Mo gbọ́ nígbà tí Ìyá Olófì bi Ìyá Àkànní lọ́jọ́ kan lẹ́nu òwú ríran. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni ọmọ yìí ń ṣe ọ́?"

Ìyá Àkànní so òwú tó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá, ẹ má bi mí. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ohùn Àbẹ̀ní ni mò ń gbọ́. Màá yíjú, màá rí i pé òun kọ́."

"Òun náà mọ̀ pé òun kọ́."

"Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ìdí tí mo fi ń nà án nìyẹn."

Ìyá Olófì gbá apasà mọ́lẹ̀ nígbà méjì, ó ní, "Máa ran òwú."

Ó sì ń ran án. Ní ọdún méjì yẹn, Ìyá Àkànní ran òwú ju gbogbo ilé lọ. Mo sì rí i pé òwú rẹ̀ ti ń dọ́gba díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́ mi? Ó ti ń dọ́gba. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní lé ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ á kàn wá jókòó, á mú ìrànwú. Ìyá Olófì á ní, "Inú ń bí ọ lónìí?" Á ní, "Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀." Tí mo bá rántí èyí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n fi orí gbá ògiri.

Ìyá Olófì kó àwa ọmọbìnrin lọ sí ọjà Ẹ̀sìẹ́ nígbà kan. Ó mú wa yà wo àwọn ère òkúta tó wà nínú igbó níbẹ̀, àwọn tó jókòó bí èèyàn, púpọ̀ lọ súà. Ẹ̀rù ba gbogbo wa àfi Àṣàbí. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ ìkejì, ó ń wo ojú wọn. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ó ní òun fẹ́ràn wọn. Mo ní kí nìdí. Ó ní, "Wọn kò ní sá fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni Ìyá Olófì ṣàìsàn. Èmi ni mo jókòó tì í. Mo ti ń hun aṣọ dáadáa nígbà náà, wọ́n sì ti ń wá mi láti fẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Òfì yìí di tìrẹ. Má jẹ́ kó ṣófo. Bó ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo, má jẹ́ kó ṣófo." Mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ó ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má ya ọ̀lẹ ni. Àìsàn náà ló pa á.

Ẹ wò ó, mo mọ bí Ìyá Olófì ṣe máa ń ṣe. Ojú mi ló ti ń ṣe é. Tó bá fẹ́ já aṣọ sílẹ̀, òwú tuntun á ti wà nílẹ̀, ríran, rírẹ, gbígbẹ, wíwé. Àárọ̀ tó bá já aṣọ náà ni yóò ta òwú mìíràn, èmi ni mo máa ń na ìdì òwú sí i láti apá kejì, kì í jẹun títí yóò fi tán. Mo rò pé ìkánjú iṣẹ́ ni. Mo fi ọdún mẹ́wàá na òwú sí i, n kò bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé.

Ọdún Elẹ́wẹ́ ń bọ̀. Ẹ̀yin ń rí Elẹ́wẹ́ lónìí, ẹ rò pé ẹ rí nǹkan. Nígbà tiwa, tí eégún náà bá yọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tí kò ní eegun lára, àwọn obìnrin á gbàgbé ọmọ sẹ́yìn. Àwọn ará ilé ọkọ mi ń bọ̀ wá wò mí níbẹ̀. Mo ń hun aṣọ kan tí n kò hun irú rẹ̀ rí, aró dúdú pẹ̀lú ilà funfun, èmi nìkan ló mọ bí mo ṣe to ilà náà. Mo parí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún. Òwú tuntun ṣì wà nínú ìkòkò aró, kò tíì gbẹ. Mo ronú díẹ̀. Mo ní, kí ló lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan? Mo mú ọ̀bẹ, mo já aṣọ mi, mo ró o, mo lọ síta ọdún.

Àwọn ará ilé ọkọ mi ní mo dára. Mo jó. Mo ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń bi ara wọn pé ta ló hun aṣọ yẹn. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú láti ìgbà tí wọ́n bí mi tó ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá pè mí.

Ìyàwó kékeré bàbá mi ló rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wà nílé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní Àṣàbí ń fọ igbá, igbá kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó là sí méjì. Igbá tí Àbẹ̀ní fi ń mu omi ni. Ó ní Ìyá Àkànní kò pariwo, ó kàn mú orógùn, ó sì dìde. Ọmọ náà sá. Ó sá gba ọ̀nà tí a kọ́ ọ, ó fẹ̀gbẹ́ wọ ẹ̀yìn òfì, ó fara ti ògiri, ó sì di ojú.

Òpó méjì ló wà níwájú rẹ̀. Òwú kò sí.

Ìyàwó bàbá mi ní Ìyá Àkànní dúró níwájú òfì náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba àárín òpó kọjá.

Nígbà tí mo dé, ọmọ náà ti wà lórí ẹní. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Mo dé ibẹ̀." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Mo dúró síbẹ̀, èmi kò jáde." Ó rò pé òun ló ṣe é tì. Ó gbé ọjọ́ méjì sí i, ó jẹ ẹ̀kọ, ó mu omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta kò jí.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo bá nídìí òfì lọ́jọ́ ọdún yẹn? Ìyá Àkànní ni. Ó ti jókòó sí àyè tó máa ń jókòó sí. Ó ti gbé orógùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú ìrànwú, ó ń yí i, kò sí òwú lórí rẹ̀ rárá. Ó ń yí i, ìka rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́. Nígbà tó rí mi nínú aṣọ tuntun mi, ó wo aṣọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo já a." Kò sọ nǹkan mìíràn sí mi títí ó fi kú.

Kò sí ẹjọ́. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní ta ni yóò béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ wa? Bàbá rẹ̀ ni Bàbá, ìlú rẹ̀ ni Ilé. Wọ́n ní ibi tí ogun ti ń kó ọmọ lójoojúmọ́, kí ni ọ̀kan? Mo gbọ́ ọ létí mi báyìí. Aṣọ aró mi ni a fi sin ín. Èmi ni mo wé e. Ó gùn ju ọmọ náà lọ, mo ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ta òwú lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. N kò jẹ́ kí òfì náà ṣófo mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé kò sá wá síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti rí i pé ọwọ́ lè kọjá. Ẹ ẹ̀ lè kọ́ ọmọdé ní ohun tí ojú rẹ̀ ti já ní koro. Lẹ́yìn náà àwọn ẹlẹ́ṣin jó agboolé náà, a tú ká, àwọn kan gba ọ̀nà ìlú Bàbáńlá lọ, àwa wá síbí. Wọ́n ní ogun ti tán báyìí. Aṣọ òyìnbó dé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀yin ní ó dára. Àwọn obìnrin fi òpó òfì dáná. N kò bá yín jà. Ta ló fẹ́ fi oṣù méjì hun ohun tó lè rà lọ́jà? Ẹ kàn má sọ fún mi pé ẹ kò mọ ìdí tí àwọn ọmọ yín fi ń sá gba ojú ọ̀nà lọ tí ẹ bá gbé igi. Níbo ni kí wọ́n sá sí?

Lánàá, ìyá Àyọ̀ká lé ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà tó kọjá níwájú ilẹ̀kùn mi, ẹsẹ̀ kékeré. Mo ní, "Wọlé! Wọlé síbí!" Kò mọ ohun tí mo ń wí. Ó ré kọjá. Ìdí igi ìrókò ọ̀nà odò ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Mo ka iye ìgbà tí igi náà dún.

Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì kúrò lóko. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mímọ̀ mi kò ṣe nǹkan kan fún ẹ̀yìn ọmọ náà.

Nítorí náà mo pe Àyọ̀ká láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó ti oko dé. Mo fi ibẹ̀ hàn án. Mo ní, "Tí wọ́n bá lé ọ, sá wọlé síbí, dúró lẹ́yìn òwú." Ó fẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo gbọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Ó ní, "Yèyé, ó gbà mí." Mo ní mo mọ̀ pé yóò gbà ọ́. Mo sọ ohun tí mo máa bi ẹni tó bá lé e wá fún un, pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn òfì.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ pè é láti àgbàlá, "Àyọ̀ká o." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bíi pé oúnjẹ ló fẹ́ fún un. Ẹ̀rín náà dá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá tó ń bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọmọ náà kò mira. Ó wá rọra sọ ọ́ láti inú òwú, ó ní, "Yèyé, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó mú nǹkan lọ́wọ́?"

Mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo wò ó, mo wò ó. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo rí, n kò rí ọwọ́ rẹ̀.